Ẹ̀yà Kan Tí Kò Lórúkọ

Ní Panteka, ẹ fi aṣọ dì mí lójú,
kí ẹ ki ẹ̀yà ọkọ̀ èyíkéyìí bọ̀ mí lọ́wọ́,
màá pe orúkọ rẹ̀ kí ọ́ìlì tó kán sílẹ̀:
písítìnì, rínǹgì, gásíkẹ́ẹ̀tì, káábúrétọ̀.
Ladan ọmọṣẹ́ mi á ti mú sípánà tó bá a mu dé
kí n tó pa ẹnu dé.

Àmọ́ ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí Àwáwù ti dáyé,
ẹ̀yà kan wà lára rẹ̀ tí n kò pè rí.
“Fọ ibẹ̀ yẹn dáadáa.”
“Bo nǹkan yẹn.”
Ibẹ̀ yẹn. Nǹkan yẹn.
Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olè tó wà nítòsí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó bi mí pé níbo lòun ti wá.
Mo ní ọjà la ti rà á.
Ọjọ́ tí mo mú un dé ṣọ́ọ̀bù,
ó lọ dúró níwájú Màlámù Habu tó ń ta táyà àlòkù,
ó fi Haúsá bi í pé eélòó ni ọmọ ìkókó.
Gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ó wojú mi.
Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kí ni wọ́n sọ fún èmi náà?
Mo bi ìyá mi ní Ọ̀fà, ìgbátí ló fi dáhùn.
Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé
bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn án, oyún dé.
Ó sunkún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan
tó dì í lọ́wọ́ mú níbi eré.
Nígbà tí ohun tó ń fúnni lóyún wá dé lóòótọ́,
kò dá a mọ̀.

Ọyẹ́ èṣí, kò síná,
Múlíkà wà níbi iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù.
Àwáwù wọlé tọ̀ mí, ó gbá aṣọ òtútù mọ́ra.
“Bàbá, ẹni tó ń kọ́ wa níwèé nírọ̀lẹ́,
ó fẹ́ fọwọ́ kan… ó fẹ́ fọwọ́ kan…
Mo sá.”
Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà.
Ó wojú mi bíi pé èmi ni mo gbé e pamọ́.
Èmi ni.

Ti ẹni yẹn, mo ti gbé e dé ibi tó yẹ.
Kì í ṣe òun ni mò ń sọ.

Ìjàkadì lorò wa ní Ọ̀fà,
ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé mi ṣánlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ó wúwo ju ẹ́ńjìnnì tírélà lọ.
Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè bára dọ́gba.
Mo ní: “Ojú ara.
Ojú ara ni orúkọ rẹ̀, Àwáwù.
Ojú ni, bí èyí tí o fi ń wò mí.
Ta ló ń tọwọ́ bọ ọmọlọ́mọ lójú
tí ọmọ náà kì í kígbe?”

Ó pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un pè,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò.
Ó ní, “Ti Kárímù ńkọ́?”
Mo sọ ti Kárímù.
Ó dákẹ́ díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kú.
“Bàbá,
eélòó wá ni ẹ rà mí?”

Mo fa àpótí, mo jókòó.