Imú Àláájà Sífáwù

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ìgò wáìnì
láàrin tábìlì àwọn olówó ní òtẹ́ẹ̀lì Èkó,
aṣọ funfun lápá, ẹ̀rín lẹ́nu.
Wọ́n kọ́ mi kí n máa wí pé eléyìí ń ta sánsán bí èso,
ìyẹn bí pákó, bí awọ bàtà.
Mo ń wí i. N kò mọ èso tí wọ́n ní lọ́kàn.
Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, wọ́n fún mi ní ìgò kan ṣoṣo,
mo há a sí abíyá, mo wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Òjò àrọ̀kúrò ló bá mi wọlé.
Ọ̀sà ti kún dé ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́ja,
ewùrà tuntun ti ń wọ̀lú láti Pókà,
erùpẹ̀ lára wọn bí ọmọ tí a kò tíì wẹ̀.

Àláájà Sífáwù, àbúrò ìyá mi, ń rin ewùrà.
Ó ṣí ìgò mi, ó gbé imú lé e,
ó dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ àlejò.
"Eléyìí ti rìn jìnnà," ó ní, "ó ti rẹ̀ ẹ́.
Kò bá ẹnì kankan tan nínú ìkòkò mi.
Gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó sinmi."

Mo ní, "Àláájà, ẹ̀yin náà ń gbóòórùn ọtí?"
"Ẹnu mi ló lọ sí Mẹ́kà.
Imú mi wà nílé, ó ń ṣọ́ ìkòkò."

Ó rán mi sí Oríyọmí, ará Ìlàjẹ tó ń dá ògùrọ̀
nínú irà lọ́nà Èjìnrìn.
"Má gba ti igi iwájú, ti oníbàárà nìyẹn, omi ti bá a jà.
Igi tó fẹ̀yìn ti ọ̀sà ni kó o bi í.
Bó bá ní kò sí igi bẹ́ẹ̀, dúró."

Ó ní kò sí igi bẹ́ẹ̀.
Mo dúró. Ẹ̀fọn jẹ mí dé orúnkún.
Ó rántí.

Ògùrọ̀ igi yẹn ní iyọ̀ díẹ̀ nídìí,
bí ẹni tó sunkún lánàá tó ti gbàgbé ohun tó fà á.
Ó bá ìkókorẹ́ pàdé lẹ́nu mi,
ó bá ẹja àrọ̀ tí èéfín ti gbẹ.
Ata dìde, ó fẹ́ jà.
Ògùrọ̀ fọwọ́ bà á léjìká. Ó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, àgàdàgídí láti Ìraye,
ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá títà ló di ọtí.
Òjòjò gbígbóná ni ó gbé tì í, kò gbé nǹkan mìíràn.
Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ dé, ó kọ̀ kó bá ọbọ̀kún jókòó:
"Èkíní ń sọ̀rọ̀ jù, èkejì ò fẹ́ gbọ́."
Ọbọ̀kún mu omi kànga lálẹ́ ọjọ́ náà.
Èmi náà mu omi kànga.

Ta ló kọ́ ọ, ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí?

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ewùrà kúrò lójú.
"Fàsàsí ń mu, mo ń bi í. Ogójì ọdún.
Mo sè, ó mu, mo ní, báwo ni? Ó sọ fún mi.
Àrọ̀kúrò èṣí, kò sẹ́ni tí mo bi."

Òjò ń lu páànù. Igbá ṣì wà lọ́wọ́ mi,
ògùrọ̀ igi ẹ̀bá ọ̀sà, kò kù ju ìdajì.
"Ìwọ tó o kàwé ọtí," ó ní, "báwo ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì sá fún mi.
Mo mu díẹ̀. Mo ní,
"Bí ẹni lá òjò lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ó gbọn orí, ṣíbí rẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́.
"Irọ́. Fàsàsí ò wí bẹ́ẹ̀.
Tún un mu. Rọra."