Ohun Tó Jọ Sítáàṣì

Ní Póvoa, létí òkun àwọn ará Potogí,
bàbá mi, Adelino, tẹ ògúnná mọ́lẹ̀
níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja sàdín.
Kò mọ̀.
Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbóòórùn ẹran tó ń jó.
"Adelino, ẹsẹ̀ rẹ!"
Ó wolẹ̀
bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ẹsẹ̀ náà.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni.
Ó lo ọdún mẹ́wàá sí i, ó ń fúyẹ́ lọ,
títí ẹ̀wù òtútù tí ìyá mi hun fún un
fi dà bí èyí tó yá wọ̀.

Àwọn apẹja kì í fi orúkọ ńlá pè é.
Ẹsẹ̀ Kékeré ni wọ́n ń wí,
bí ẹni ń pọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lé;
wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan igi ọkọ̀,
kó má baà gbọ́.

Dókítà Quitéria, ní Porto, ló sọ orúkọ kejì fún mi.
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé: àmílọ́ídì.
Mo bi í ní ìtumọ̀.
"Ohun tó jọ sítáàṣì."
"Sítáàṣì tí ìyá ìyá mi fi ń mú ọrùn ẹ̀wù gan?"
"Òun náà."

Ó ní àwọn oníṣègùn àtijọ́
kán áyódíìnì sára ẹ̀yà òkú,
àwọ̀ rẹ̀ yí padà bíi ti ànàmọ́ tí a gé,
ni wọ́n bá ní sítáàṣì ni.
Sítáàṣì kọ́.
Purotéènì ni, èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe lójoojúmọ́,
tó yẹ kó ká ara rẹ̀ dáadáa bí aṣọ tí a lọ̀,
tó ká òdì,
tó wá ń to ara rẹ̀ lé ara rẹ̀
nínú iṣan ìmọ̀lára, nínú ọkàn,
níbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an.
Nígbà tí àṣìṣe yé wọn, orúkọ ti mọ́ ọn lára.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
àwọ̀ ni wọ́n wò.

"Bó o bá fẹ́ lò ó," ó ní, "lò ó bó ṣe yẹ.
Àmílọ́ídì ni ẹrẹ̀ tó gbá jọ.
Àmílọ́ídóòsì ni àìsàn ilé tí ẹrẹ̀ kún.
Má sì dá a dúró ní òun nìkan:
ti kíndìnrín wà, ti arúgbó wà, ti ìdílé wà.
Sọ ti ta ni."

Ti ta ni.
Ní Póvoa, àmì ni ìdílé fi ń mọ ẹrù rẹ̀.
Tiwa jẹ́ àgbélébùú tó ní ẹsẹ̀ ẹyẹ nísàlẹ̀,
a gbẹ́ ẹ sára àjẹ̀, sára léfòó àwọ̀n,
sára òkúta tó wà lórí Adelino.
Àkọ́bí á fi ìlà kan kún un, èkejì á fi méjì.
Àbíkẹ́yìn ló ń gba ti bàbá bó ṣe wà.

Èmi ni àbíkẹ́yìn.

Belmiro, ẹ̀gbọ́n mi, kò jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò.
Ó ní ẹja kì í bèèrè àlàáfíà àwọ̀n.
Èmi bèèrè. Wọ́n sì dá mi lóhùn.

Oògùn wà báyìí, hóró kan láràárọ̀,
tó ń di purotéènì náà mú kó má tú.
Ìyá mi kò pè é ní Ẹsẹ̀ Kékeré rí,
ahọ́n rẹ̀ kò sì gba ti Quitéria.
Ìyẹn ló ń pè é.
"Ṣé o ti lo oògùn ìyẹn?" ló ń wí lórí fóònù,
kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.
"Mo ti lò ó, Màmá."
Mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ tẹ òkúta èbúté, oṣù kìn-ín-ní.
"Ó tutù," mo ní.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Tún un sọ."