Amọ̀

Ọdún kan ni mo lò ní Tampere,
níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ láago mẹ́ta ọ̀sán nígbà òtútù.
Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Eino,
àwọn àti aago ara ògiri ni wọ́n jọ ń gbé.
Mo kan ilẹ̀kùn, mo ti fẹ́ wọlé,
ọ̀gá mi fà mí lápá: "Dúró ná. Ilé wọn ni."
Ìṣẹ́jú mẹ́fà nínú yìnyín.
Mo jókòó. Bàbá ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀,
èmi ọmọ Ìlọrin, tí ìkíni wa kì í tán lẹ́nu!
Mo ń káàánú wọn nínú mi:
nílé tiwa, àgbà kì í dá gbé.

Mo padà dé. Fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó di agboolé kan ní Dada.
Ìyá Hawáwù, amọ̀kòkò, ojú wọn ti fọ́.
Ilé kún: ọmọ, ìyàwó ọmọ, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.
Mo ń bi ìyá, ará ilé ń bá wọn dáhùn.
"Wọ́n ti jẹun." "Kò sóhun tó ń dùn wọ́n."

Mo rántí yìnyín.
Mo pa fọ́ọ̀mù dé, mo jókòó sórí ẹní,
mo dákẹ́ títí àwọn ọmọdé fi rò pé mo ti sùn.
Wọ́n ti ń pe ìrun Àsárì kí ìyá tó la ẹnu:
"Amọ̀ mi ni. Wọ́n ti kó o dà nù.
Ojú ló fọ́ o. Ọwọ́ mi ṣì ríran."

Kò sí àyè fún amọ̀ nínú fọ́ọ̀mù ìjọba.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé,
mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.