Èyí Tí Kò Sí Nílé

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi fóònù ya ìwé Bàbá Àgbà ní ewéewé,
èyí tó wà ní àjà ilé wa ní Pàkátà, nínú àpò awọ,
tí wọ́n fi tàdáwà kọ kí wọ́n tó bí bàbá mi.
Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.
Mo ní, "Ìyá Àgbà, ó parí."
Wọ́n ń bó ẹ̀pà. Wọn ò gbójú sókè.
"Èyí tí kò sí nílé yìí ńkọ́?"
Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di Ràjábù, ikán gun àjà.
Ikán ò gbọ́ Lárúbáwá, síbẹ̀
ó ka ewé mẹ́rìndínlógún tán.
Ọkàn mi balẹ̀ bí omi inú àmù:
ẹ jẹ́ kó jẹ, kò lè jẹ kọ̀ǹpútà.

Alẹ́ Àlàmísì kan, iná dé,
ó dé bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.
Gílóòbù fọ́. Fáànù sáré, ó dákẹ́.
Kọ̀ǹpútà mi ṣe bí ọmọ tó fẹ́ sín,
kò sì sín mọ́.

Lúkúmọ́nù tó ń tún un ṣe ní Tàíwò
tú ìdí rẹ̀, ó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀,
ó kó àwọn ìṣó rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ nínú bébà.
Mo mọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ń kó bàtà aláìsàn fún ará ilé,
a kì í tún béèrè.

Ìyá Àgbà ní kí n wọṣọ.
A wọ mọ́tò, ó di Àjàṣẹ́-Ìpo,
ilé Àlùfáà Búsàrí, olóògbé bíi Bàbá Àgbà.
Inú agolo bísíkíìtì ńlá ni ìwé wà:
ohun tí ọ̀rẹ́ kan bá kọ, èkejì a dà á kọ,
wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀ ní Iléyá.
"Iná lè jó Pàkátà," ni Ìyá Àgbà wí,
"kò ní jó Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà."

Ewé mẹ́wàá la rí nínú mẹ́rìndínlógún.

Mo tún gbogbo rẹ̀ yà. Háàdì díìsì kan wà nínú àpótí mi,
ọ̀kan wà nínú agolo ní Àjàṣẹ́, mo fi ọ̀rá dì í,
fíláàṣì kan wà ní etí ìró Ìyá Àgbà
pẹ̀lú obì àti owó tí wọn kì í ná.
Bí oṣù bá ti parí, mo ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan;
ohun tí a ò ṣí wò, a ò mọ̀ bóyá ó ti kú.

Ewé mẹ́fà tó kù,
mo fi àyè sílẹ̀ fún wọn, mo kọ nọ́ńbà sí i.
Kò sí nǹkan kan nínú wọn.
Mo ń dà wọ́n kọ pẹ̀lú ìyókù.