Àwòrán Àtàrí

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dirun ní Apákẹ́:
ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀.
Orí ta ni n ò tíì gbé sáàárín orúnkún mi?
Ṣùgbọ́n onídìrí kì í di tara ẹ̀.
Díńgí mọ iwájú orí mi, kò mọ àtàrí.
Ọwọ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi, nígbà tí mò ń fi òróró pa á,
pé ibì kan ń yọ̀ níbi tí kò yẹ kó yọ̀.

Nọ́ọ̀sì ọsibítù ní: “Màmá, ẹ má fi ọkàn wọ̀n ọ́n.
Ọkàn a máa ṣàbùmọ́. Ẹ máa yà á ní fọ́tò
lóṣooṣù, ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà.”

Ni mo bá sọ Adégòkè, ọmọ ọmọ mi, di onífọ́tò.
Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, aago mẹ́jọ àárọ̀,
kí oòrùn tó gun orí igi kajú ẹ̀yìnkùlé.
Àpótí ń bẹ lójú fèrèsé,
mo fi ṣọ́ọ̀kì yí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká.
Kò sí òróró, kò sí omi,
òòyà á la ọ̀nà kan láti iwájú dé ìpàkọ́.
“Màmá, ẹ tẹrí ba.” Mo tẹ̀ ẹ́ ba.
Oṣù kan tá a yà á lọ́sàn-án, tí irun ṣì tutù,
fọ́tò náà ní orí mi ti pá pátápátá.
A pa irọ́ yẹn rẹ́.

Ọdún kan àbọ̀. Lánàá, a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.
Ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ipa èèrà lóṣù Òkúdù
ti di títì Tákíé.
N ò sọ̀rọ̀. Mo nawọ́ mú ìborí mi.
Gòkè ló ní: “Ẹ dúró ná, Màmá.
Nínú ti àkọ́kọ́, kọ́là búláòsì yín ló hàn.
Nínú eléyìí, orúnkún yín ni.”

Mo gbójú sókè wo ọmọ.
Ṣòkòtò tí mo rà fún un nígbà Àjíǹde
ò kan ọrùn ẹsẹ̀ mọ́. Ohùn ẹ̀ ti ń há.
A so àpótí mọ́lẹ̀, a so wákàtí mọ́lẹ̀,
ẹni tó di fóònù mú la gbàgbé.

Irun ń re, n ò ní purọ́.
Èwo ni ti orí mi tó ń ṣí,
èwo ni ti ọmọ tó ń ga? N ò tíì mọ̀.
Sátidé tó ń bọ̀, yóò kúnlẹ̀.
Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri, ibi tí fóònù máa mọ.
Mo sì sàmì mìíràn lókè ẹ̀,
fún orí tiẹ̀.