Okùn Ìsàlẹ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì tí òjò ṣú sórí Òkèṣà,
wọ́n ní kí n wá wo kọ̀ǹpútà ilé-ìwé náà,
pé iṣẹ́ àwọn ọmọ kò lọ, èsì kò bọ̀,
ọjọ́ kẹta rèé tí ẹ̀rọ ti yadi.
Tíṣà Famúrewá ti fa ìlà méje sára pátákó,
ìlà kan lórí èkejì,
ó ń kọ́ wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn.
"Ìpele méje ni," ó wí. Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Nínú ìwé tí èmi kà, mẹ́rin ni.
Bàbá mi tó fi ogójì ọdún ta obì kò kà wọ́n rárá.

Ìyá mi a bó obì, a ṣà á, a yọ èyí tí kòkòrò jẹ.
Àbúrò rẹ̀ a fi ewé gbòdògì wé e,
kò ní bèèrè ẹni tí yóò jẹ ẹ́.
Lámídì a kó o sínú agbọ̀n, a rán ẹnu rẹ̀,
a fi ọ̀dà dúdú kọ àmì ilé wa
àti àmì Máígoro ní Kánò.
Awakọ̀ a gbé e. Ìbáà ṣe obì, ìbáà ṣe òkúta,
àmì nìkan ló ń wò.
Ọ̀nà ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ mọ àmì,
kí táyà ṣáà ti gorí òun kọjá.
Bí agbọ̀n kẹta bá sì sọnù ní Jẹ́bà,
ẹnìkan wà ní Kánò tó ń ka iye, tí yóò ránṣẹ́ pé:
"Èkíní dé, èkejì dé, ẹ tún ẹ̀kẹta dì."
Awakọ̀ ò ní gbọ́ sí i.

Lọ́hùn-ún, wọ́n á tú u láti ẹ̀yìn wá:
okùn, agbọ̀n, ewé, obì.
Ẹni tó dì í kò rí ẹni tó tú u rí,
síbẹ̀ ìdì ń bá ìtú sọ̀rọ̀
bí ẹni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.
Bàbá mi a ní, "Máígoro sọ fún mi láàárọ̀ yìí..."
Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fojú kanra wọn títí Bàbá fi kú.

Ohun tí ọmọ tẹ̀ sójú ẹ̀rọ náà nìyẹn.
Á wọ aṣọ kan, á sọ̀kalẹ̀, á wọ òmíràn lé e,
nọ́ńbà ilẹ̀kùn, àdírẹ́sì ilé, orúkọ ẹni tó kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́,
títí á fi bọ́ sínú wáyà,
tí kò ní ju ìtapa iná lọ mọ́: wà, kò sí, wà, wà, kò sí.

Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí agbéraga.
Mo wo ojú ẹ̀rọ, ó mọ́.
Mo ka àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì, ó pé.
Olúgbódi, ọmọ oníka mẹ́fà, ń gbé tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé mi.
Òun ló ní, "Àǹtí, nǹkan kan ń rìn lókè àjà."
Mo gbé àga lé tábìlì, mo gùn ún.
Èkúté ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi.
Nínú okùn bàbà mẹ́jọ, ó jẹ mẹ́ta,
ó fi márùn-ún sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò.

"Tíṣà, ìpele wo ni èkúté wà?"
Famúrewá wo ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá,
èyí tó fà wúyẹ́wúyẹ́
torí ṣọ́ọ̀kì ti ń tán lọ.

Mo gé wáyà, mo to àwọ̀ tẹ̀lé àwọ̀,
mo tẹ orí tuntun mọ́ ọn.
Iná wẹ́wẹ́ ṣẹ́jú.
Ọmọbìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn kíláàsì:
"Tèmi ti lọ!"
Kò béèrè ọ̀nà tó gbà.