Ibi Tí Bọ̀nà Ń Gbà

Adékànḿbí pè mí láti Àjàṣẹ́ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́.
Ó ti ra kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án,
gbogbo wọn ṣì wà nínú páálí,
bí ìyàwó tí a gbé wálé tí a ò fi yàrá hàn.
"So wọ́n pọ̀ fún mi kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé.
Kajú ti ń já. Ọkọ̀ ti ń tò."

Mo ní, ọ̀gá, okùn kì í ṣáájú ìbéèrè.
Ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀ nínú ọgbà yìí?
Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?
Ta ni kò gbọdọ̀ gbọ́?
Ó wò mí bí ẹni tó pe káfíńtà kó wá kan bẹ́ẹ̀dì,
tí káfíńtà ń bi í léèrè àlá tó máa ń lá.

Mo mú pẹ́ńsù, mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.
Ibẹ̀ ni mo ti rí Bọ̀nà.

Bọ̀nà ló ń wọn àpò nídìí òṣùwọ̀n.
Bó bá ti wọn ogún, á kọ ọ́ sí bébà pélébé,
á gbé e lọ sí ọ́fíìsì, á padà.
Igba ìgbésẹ̀ lé mẹ́rìnlá, àlọ nìkan.
Mo tẹ̀ lé e nínú oòrùn Ẹrẹ́nà, mo kà á.
Kì í gba iwájú ibi tí wọ́n ti ń fọ́ èso,
epo èèpo kajú a máa bó ni lára;
ẹ̀yìn ló ń gbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí òjìji wà,
á fo ojú àgbàrá níbi tó ti fún jù.
Ọdún mọ́kànlá.
Ọ̀nà tóóró náà ti dán bí ojú ọkọ́.
Mo gbé bébà lé orúnkún, mo fa ilà:
okùn yóò gba ibi tí Bọ̀nà ń gbà.

Ó ku àká kejì, létí ojú irin, lẹ́yìn òkè.
"Ta áńtẹ́nà sórí páànù, kó kọjú sí i."
Ọ̀gá, àpáta ló wà láàárín.
Ọ̀rọ̀ tí kò ní okùn, ojú ló fi ń rìn;
bí ojú ò bá rí ojú, á já bọ́ sínú igbó.
Òkè tí kò yẹ̀ fún ẹṣin ogun,
ṣé páànù tìrẹ ni yóò yẹ̀ fún?
Wòrú gùn ún títí dé èjìká,
ó fọn fèrè: ó rí òrùlé méjèèjì.
Oko bàbá Sàbí ni. Bàbá ní kò burú,
kó ṣáà má dún lóru.

Mo fi ihò mẹ́fà sílẹ̀, n ò so nǹkan kan mọ́ wọn.
"Òfò owó!"
Ẹni tó kọ́lé tí kò ro ti ọmọ tí a ò tíì bí,
ògiri ni yóò máa wó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.
Mo la ọ̀nà owó lọ́tọ̀,
mo la ọ̀nà àlejò onífóònù lọ́tọ̀;
wọn ò gbọdọ̀ pàdé, àní lójú oorun.

Nírọ̀lẹ́, mo fi àwòrán náà han Bọ̀nà.
Láti ọjọ́ Jímọ̀, o ò ní rìn mọ́.
Tẹ ibí; kí o tó mí, iye àpò ti dé ọ́fíìsì.
Ó fi ìka tọ ilà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kọjá àgbàrá,
ìka dúró.
"Ibí ni Ìyá Dóóní ti ń bu omi fún mi.
Ibí ni mo ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ,
ẹni tí ọkọ rẹ̀ ò tíì ti Pàràkú dé.
Okùn yín yìí, ṣé ó ń gbé ìyẹn náà?"

Mo wo bébà mi.
Mo ti kọ mítà, mo ti kọ iye ìṣó.
Mo ya bẹ́ńṣì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàrá,
mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
èyí ò ní okùn, ẹ má gbé e kúrò.

Adékànḿbí buwọ́ lù ú,
kò kà á délẹ̀.